Orúkọ Tí A Fi Pamọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí òkùnkùn kò fi ohunkóhun pamọ́ fún. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá ọ̀gá wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ara wa ni a kọ́kọ́ gbà níyànjú láti páyà Ọlọ́hun, kí a tó gba ẹ̀yin náà níyànjú.

Ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí jáde láti inú ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbé wá bá wa. Olùkọ́ wọn pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà mẹ́fà, ó sì gbé iṣẹ́ àjọṣe fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí olúkúlùkù wà ní ilé tirẹ̀, ọ̀kan ní Ìjerò, ọ̀kan ní Arámọkọ, òmíràn ní Ẹ̀fọ̀n, kí wọ́n sì jọ kọ ìwé kan ṣoṣo. Nígbà tí iṣẹ́ parí, olùkọ́ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ èrò rẹ̀ nípa ipa tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó, láìdárúkọ ara rẹ̀. Ó fi dá wọn lójú pé kò sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ó kọ ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí ni ó kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ jáde, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé olórí ẹgbẹ́ gba owó dátà lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò sì kọ ìlà kan nínú iṣẹ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olórí ẹgbẹ́ ti ka ọ̀rọ̀ yìí ní àkàtúnkà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti dá ẹnì kan lẹ́bi nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni. Ó ní òun dá ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ̀. Wọ́n yọ ọmọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp, àwọn tí wọ́n jọ ń fi ọwọ́ kan àwo kò sì kí i mọ́. Ọmọ náà ń búra pé òun kọ́. Ohun tí wọ́n wá bi wá ni pé, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kọ láìdárúkọ ha ń pamọ́ ní tòótọ́ bí? Ǹjẹ́ ó sì tọ́ sí mùsùlùmí láti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá?

Kí bàbá àgbà kan má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni èyí, pé kò kan òun. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà lórí fóònù lónìí, ẹgbẹ́ ìyálọ́jà wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí pàápàá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò lè sọ lójú àwùjọ ní ìgbà àwọn baba wa, ó lè fi nọ́ńbà àjèjì kan gbé e jáde lónìí ní ààrin òru.

Ìtàn kan wà nínú àkójọ hádíìsì Imaamu Tirmidhi tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju gbogbo ohun tí a lè fi ọgbọ́n orí wa sọ lọ. Qatada ọmọ Nu'man, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà ará Mẹ̀dínà, ni ó sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin kan wà ní àdúgbò àwọn tí ń jẹ́ Bushayr, láti ilé Ubayriq, mùnááfìkì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kéwì èébú lórí àwọn sàhábà Ànábì. Ṣùgbọ́n kò ní sọ pé òun ni òun ké e. Yóò ní, Lágbájá nínú àwọn Lárúbáwá ni ó wí báyìí, Tàmẹ̀dò ni ó wí báyìí. Orúkọ ẹlòmíràn ni ó fi ń bo ti ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn sàhábà bá sì gbọ́ ewì náà, kò sí ẹni tí ń jìyàn rẹ̀ láàrin wọn: wọ́n á ní kò sí ẹlòmíràn tí ó lè sọ irú èyí bí kò ṣe ọmọ Ubayriq.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará wa. Kò sí fóònù, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí nọ́ńbà tí a tọpa. Etí lásán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Rifa'a, ẹ̀gbọ́n bàbá Qatada, ra ìyẹ̀fun funfun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó ti ilẹ̀ Ṣáàmù dé, ó kó o sí yàrá òkè pẹ̀lú àwọn ohun ìjà rẹ̀. Ní òru, àwọn olè lu ògiri, wọ́n kó ìyẹ̀fun àti ohun ìjà lọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, àwọn ará ilé Ubayriq ní Labid ọmọ Sahl ni ó jà á. Ẹni rere ni Labid. Nígbà tí ó gbọ́, ó fa idà yọ, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rí olè náà hàn lára òun lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, idà yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yára ní, ìwọ kọ́, fi wá sílẹ̀.

Qatada lọ fi ọ̀rọ̀ náà sun Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Àwọn ará ilé Ubayriq náà lọ, wọ́n ní Qatada ń fi olè kan ilé àwọn mùsùlùmí ẹni rere láìsí ẹ̀rí. Ànábì sì bá Qatada wí pé ó fi olè kan àwọn ènìyàn láìsí ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó dun Qatada débi pé ó ní ó sàn kí òun ti pàdánù díẹ̀ nínú ohun ìní òun ju kí òun ti bá Ànábì sọ ọ̀rọ̀ náà lọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn āyà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú Súúrà Nísáì, láti orí āyà 105 lọ, tí ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Nínú rẹ̀ ni Ọlọ́hun ti sọ nípa àwọn tí ń sá pamọ́ fún ènìyàn, tí wọn kò sì lè sá pamọ́ fún Òun nígbà tí wọ́n ń gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ lóru. Nínú rẹ̀ náà ni Ó ti sọ̀rọ̀ ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ tí ó wá jù ú lu aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Bushayr sá lọ sí Mẹ́kà, ó wọ̀ sí ilé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sulafa. Hassan ọmọ Thabit, akéwì Ànábì, ké ewì lé e lórí, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ gbangba. Nígbà tí ewì náà dé etí Sulafa, ó ru ẹrù àlejò rẹ̀, ó sì lọ dà á nù síta.

Àwọn onítúmọ̀ Àlùkùráánì kan gbà á wá ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní inú àpò ìyẹ̀fun ni ohun ìjà tí wọ́n jí wà, pé àpò náà lu, ìyẹ̀fun sì ń dà sílẹ̀ bí olè ti ń lọ. Ó kọ́kọ́ gbé e dé ilé tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ fi í pamọ́ sí ilé Júù kan. Nígbà tí wọ́n ká olè mọ́, ó búra, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé ipa ìyẹ̀fun títí ó fi mú wọn dé ilé Júù náà. Júù náà kò jalè. Ipa ìyẹ̀fun kò purọ́, ó fi ibi tí ohun ìjà wà hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá a nílé kọ́ ni olè. Ẹ má ṣe gbàgbé pé nítorí kí a má baà dá Júù yìí lẹ́bi láìṣẹ̀ ni àwọn āyà náà ṣe sọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbàwá yìí ti sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mùsùlùmí ni ẹni tí ó jalè ń pe ara rẹ̀.

Àwa rí ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìtàn méjèèjì yìí. Ẹni tí ó fi orúkọ pamọ́ kò pamọ́ tó bí ó ti rò. Ẹni tí ó ń wá a kò sì mọ̀ ọ́n tó bí ó ti rò. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ipa ìyẹ̀fun ti ayé òde òní. Nígbà tí ènìyàn bá wọ ìwé àjọkọ kan lórí Google láti ojú ọ̀nà tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, orúkọ ẹranko kan ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àdírẹ́sì rẹ̀ pè é wọlé, orúkọ rẹ̀ yóò hàn gedegbe. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ èwo ni èwo nínú méjèèjì. Fọ́ọ̀mù tí a ń kún, ẹni tí ó ṣe é ni ó lè yàn bóyá kí ó gba àdírẹ́sì ẹni tí ó kún un tàbí kí ó má gbà á. Bí kò bá tilẹ̀ gbà á, ó ń rí wákàtí tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹni mẹ́fà ni ó ní iná mànàmáná ní aago méjì òru, kí ni ó kù? Ní ti nọ́ńbà fóònù, láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí a so síìmù kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní NIN. Nọ́ńbà àjèjì tí ẹnì kan fi ń bú ènìyàn ní òru, orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀ níbì kan.

Iye ènìyàn náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2000, Latanya Sweeney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé bí a bá mọ ohun mẹ́ta péré nípa ènìyàn, ọjọ́ ìbí rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, nǹkan bí ìdá 87 nínú 100 àwọn ará Amẹ́ríkà ni a lè fi èyí yà sọ́tọ̀ láàrin gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù lọ́nà igba nìyẹn o. Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni mẹ́fà? Yọ ẹni tí a kọ̀wé nípa rẹ̀ kúrò, ó ku márùn-ún. Yọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, yọ ẹni tí kò san owó dátà rárá. A ti dé ẹni méjì tàbí mẹ́ta kí a tó ronú jinlẹ̀.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ẹni. Ọmọ Èkìtì tí ó ń kánjú kọ̀wé lè kọ «ulé» níbi tí ará Ọ̀yọ́ yóò ti kọ «ilé», kí ó kọ «uṣẹ́» níbi tí ẹlòmíràn yóò ti kọ «iṣẹ́». Ìlú rẹ̀ ti tẹ̀ lé e dé orí ìwé kí ó tó mọ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́ wọn, síbẹ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ń wo òpó kan, wọ́n ń sọ pé ọwọ́ báyìí ni. Báyìí ni a ṣe mọ ọwọ́ Agbọnbiọfẹ ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹni tí ó kú ní ọdún 1945, lára àwọn òpó tí ó gbẹ́ fún ààfin Aláayè. (A kò dárúkọ rẹ̀ láti gbé ère ga nínú mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ tí kò lè fara pamọ́ ni a ń wí.) Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan ti ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn láti ọdún 1978, ó pa ẹni mẹ́ta, gbogbo agbára ìjọba kò sì rí i mú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, ìwé ìròyìn Washington Post tẹ ìwé gígùn kan tí ó kọ jáde, láìsí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kà á, ó sì dá ọ̀nà ìrònú àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996 ni wọ́n mú Theodore Kaczynski nínú ahéré rẹ̀. Ohun tí àwọn sàhábà fi etí ṣe ní Mẹ̀dínà náà ni ó tún ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, olórí ẹgbẹ́ tí ó ní òun dá ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà mọ̀, ó lè jàre. Ẹ padà sí orí ìtàn. Qatada kò parọ́. Olè ni àwọn tí ó sọ̀rọ̀ nípa wọn ní tòótọ́, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni Ó tú àṣírí wọn. Síbẹ̀, kí ẹ̀rí tó dé, Ànábì bá a wí. Bí a bá bá ẹni tí ó mọ òtítọ́ wí nítorí pé kò ní ẹ̀rí, kí ni a ó ṣe sí ẹni tí kò mọ òtítọ́, tí kò sì ní ẹ̀rí, tí ó jẹ́ pé àbá lásán ni ó fi lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò láwùjọ? Àbúrò Kaczynski pàápàá kò fi àbá rẹ̀ ṣe ìdájọ́; ó gbé e lọ fún àwọn tí ó lè wádìí, wọ́n wádìí, wọ́n sì rí ẹ̀rí nínú ilé kí ilé-ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀.

Nínú Súúrà Hujuraati, āyà 12, ohun mẹ́ta ni Ọlọ́hun kọ̀ fún wa tẹ̀léra wọn: àbá burúkú, ìtọpinpin àṣírí ẹni, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà kì í ṣe lásán. Ẹni tí ó bá gba àbá láàyè, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa yọjú wo inú ilé onílé. Ẹni tí ó bá yọjú, yóò ní ohun tí yóò sọ lẹ́yìn onílé. Ohun tí olórí ẹgbẹ́ ṣe láàrin ìrọ̀lẹ́ sí àárọ̀ nìyẹn, ó rin ìrìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òru ọjọ́ kan. A sì gbà á wá pé Umar, ẹni tí ó jẹ́ olórí gbogbo mùsùlùmí, gun ògiri wo ilé ọkùnrin kan ní òru, ó sì ká ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní bí òun bá ṣẹ Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀kan, Umar ti ṣẹ̀ Ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: ó tọpinpin, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì tọrọ ìyọ̀ǹda. Umar gbà, ó sì fi í sílẹ̀. Bí Umar kò bá ní àṣẹ láti gun ògiri, olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà kò ní in.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó yà wá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àlàyé wọn, gbogbo wọn ni ó ń wá ẹni tí ó kọ̀wé. Kò sí ẹnì kan tí ó bèèrè pé, owó dátà ńkọ́? Ṣé ó gbà á, àbí kò gbà á? Ó rọrùn láti mọ̀ ju ẹni tí ó kọ̀wé lọ. Ẹni márùn-ún ni ó yẹ kí ó ti san án. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí wọ́n sì ṣe gan-an nìyẹn. Àwa rò pé ìdí nìyí tí ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn fi máa ń tètè pariwo pé ta ni ó sọ ọ́: bí gbogbo ojú bá ti yí sí ẹni tí ó sọ ọ́, kò sí ojú tí ó kù fún ohun tí a sọ.

Ní ti ìbéèrè kejì, bóyá ó tọ́ kí mùsùlùmí fi orúkọ pamọ́ sọ̀rọ̀, a kò ní sọ pé ó burú pátápátá bí àwọn kan ti ń sọ. Imaamu Nawawi, nínú Riyadu Salihina, ka ipò mẹ́fà tí ènìyàn ti lè sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ láìdẹ́ṣẹ̀. Ti ẹni tí a ṣe àbòsí sí, tí ó ń wá ẹni tí yóò gbà á, ni ó ṣáájú. Hind, ìyàwó Abu Sufyan, wá bá Ànábì pé ahun ni ọkọ òun, kò fún òun àti ọmọ òun ní ohun tí ó tó. Ànábì kò ní kí ó pa ẹnu mọ́, ó ní kí ó mú ìwọ̀n tí ó tó wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwùjọ. Bí ẹni tí a ṣe àbòsí sí bá lè sọ̀rọ̀, tí orúkọ rẹ̀ yóò sì fa ìyà mìíràn lé e lórí, kí ó fi orúkọ náà pamọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn akọ̀ròyìn BBC ní láti díbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó àti ti Gánà kí aráyé tó rí bí àwọn olùkọ́ kan ti ń fi máàkì dọdẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ tí ó mọ̀ kò ṣàì ní ẹnu. Orúkọ wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá tú àṣírí owó ìlú tí a jí, pé a ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, a ó sì fún un ní ìdá 2.5 sí 5 nínú 100 owó tí a bá gbà padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ta wọ́n lólobó ni ó mú àwọn EFCC dé ilé kan ní Ìkòyí ní Èkó, tí wọ́n ti bá owó dọ́là tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélógójì. A kò lè pe irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ ní ìwà ẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣe Ànábì wé tiwa. Nígbà tí ó bá rí ohun tí kò dára lọ́wọ́ ẹnì kan, ó máa ń gun mínbárì, yóò béèrè ohun tí ó ṣe àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń ṣe báyìí báyìí, kò sì ní dárúkọ. Orúkọ ẹni tí ó ṣàṣìṣe ni ó ń fi pamọ́. Orúkọ òun tí ó ń sọ̀rọ̀ hàn sí gbogbo ayé. Àwa ti yí i padà. Tiwa ni a ń fi pamọ́, ti ẹni tí a ń bá wí ni a ń kọ lẹ́tà ńláńlá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí a ṣe àbòsí sí àti ẹni tí ó kàn fẹ́ sọ òkò wà níbí: ti àkọ́kọ́ fẹ́ kí ohun tí ó bàjẹ́ dúró, ó sì gbé e lọ fún ẹni tí ó lè dá a dúró, ti èkejì fẹ́ kí gbogbo ìjọ rí ìhòòhò ẹni náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ hádíìsì ti bá wa la ọ̀nà. Bí ẹnì kan nínú àwọn olùgbàwá bá sọ pé «ọkùnrin kan ni ó sọ fún mi», tí kò dárúkọ ọkùnrin náà, wọn kì í pe hádíìsì náà ní irọ́, wọn kì í sì í gbé ẹ̀kọ́ ka orí rẹ̀. Aláìlágbára ni wọ́n ń pè é títí a ó fi rí ibòmíràn tí ó ti wá. Ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ, ohun ìwádìí ni. Kì í ṣe ìdájọ́, kì í sì í ṣe ohun ìjùnù.

A kò ní fi olùkọ́ sílẹ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àpò ti kọ́kọ́ lu. Orúkọ tí ènìyàn gbé fún ẹlòmíràn pé kí ó bá òun fi pamọ́, àmáànà ni. Nígbà tí olùkọ́ sọ pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀, ó ṣèlérí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kò lè dí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà létí, kò lè pa ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ dà. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni pé kí ó má tọpinpin, kí ó má sì kó ọ̀rọ̀ náà síta bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ṣe ìlérí èyí tí kò lágbára lé lórí, ó sì kùnà níbi èyí tí ó lágbára lé lórí. Ì bá ti dára kí ó wí fún wọn pé: èmi kò ní wá yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èmi lè rí wákàtí tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì mọ̀ pé ẹ kò ju mẹ́fà lọ. Ọmọ tí ó gbọ́ èyí yóò mọ ohun tí ó lè kọ àti èyí tí ó yẹ kí ó wá fi ẹnu sọ. Òfin ilẹ̀ wa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè irú òtítọ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tí ń gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ pamọ́, nínú òfin ààbò ìwífún tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023.

Ní ti ọmọbìnrin náà, a kò bi í bóyá òun ni tàbí òun kọ́, a kò sì ní bi í. Ó búra, ìbúra rẹ̀ tó fún wa. Ẹni tí ó kọ ọ́ gan-an, bí ó bá wà láàrin àwọn tí ó ń ka ìwé yìí, ó mọ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ó ń jẹ ìyà ọ̀rọ̀ òun. Nígbà tí ìbòjú rẹ ti di ìyà lórí ẹlòmíràn, ìbòjú náà kò tọ́ sí ọ mọ́. Nínú Súúrà Yāsīn, a sọ fún wa pé ní ọjọ́ kan a ó fi èdídí di ẹnu, ọwọ́ ni yóò sì máa sọ̀rọ̀. Àtàǹpàkò tí ó tẹ ọ̀rọ̀ náà wà lára ọwọ́. Kí ó lọ bá olùkọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó ní òun ni, kí olùkọ́ sì sọ fún àwọn yòókù pé kì í ṣe ọmọbìnrin náà, láìdárúkọ ẹlòmíràn. Olórí ẹgbẹ́ ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà ní ojú àwọn tí ó ti bà á lórúkọ jẹ́, kí ó sì ka owó dátà jáde, bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ilé-kéwú wa náà ti bèèrè pé kí àwọn òbí kọ ohun tí wọ́n rí nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn, láìdárúkọ. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ gbọ́ bí yóò ti rí. A kò ní lo fóònù. Àpótí onígi kan yóò wà ní ẹnu ọ̀nà láti Jímọ̀ tí ń bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni méjì ni yóò máa ṣí i, àwa àti akọ̀wé ìgbìmọ̀. Àwọn olùkọ́ ilé-kéwú kò ní rí ìwé náà fúnra rẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ó fi ẹnu tiwa sọ fún wọn, a ó sì sun àwọn ìwé náà lẹ́yìn ìpàdé. Àwa méjèèjì kò ṣàì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀pọ̀ nínú yín, nítorí náà a kò lè sọ pé a kò ní mọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ ọwọ́ òun, kí ó ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́. Ẹni tí kò bá rí ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì ni a máa ń jókòó lẹ́bàá ọ̀pọ́n omi, kí ó wá bá wa níbẹ̀.